Nọ́ńbà Tí Àlejò Kọ Sílẹ̀

Ta ni nínú yín ló lè gba àlejò sílé, kó má sì bá a sọ̀rọ̀? Ohun tí Fádípẹ̀ ní kí Ìyá Fọlárànmí máa ṣe n'Íkògòsì nìyẹn. Fádípẹ̀ ni ọ̀gá níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi fóònù wá àlejò fún àwọn tó ń fi yàrá háyà. Ó ní orí ẹ̀rọ àwọn tó wà nínú fóònù nìkan ni kí Màmá ti máa bá àlejò sọ̀rọ̀, bó bá gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, àwọn ó yọ ilé rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ yàrá méjì yẹn ló fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò pẹ́ ni àlejò kan dé tó fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n bó ṣe wúkọ́ báyìí, Màmá mọ̀ pé Fádípẹ̀ ni. “Màmá, omi ìwẹ̀ ńkọ́?” Màmá dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé omi wà ní balùwẹ̀. “Ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?” Màmá tẹ̀ ẹ́ pé rárá o. Nígbà tó sú àlejò, ó kọ nọ́ńbà sórí ìwé, ó gbé e sórí tábìlì. “Ẹ pè mí tí mo bá lọ tán, ká máa dúnàádúrà yàrá láàrin ara wa. Ilé-iṣẹ́ ò ní gbọ́.” Ìpè yẹn ló fẹ́ fi mú Màmá, ìdí nìyẹn tó fi kọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Màmá ò fọwọ́ kan ìwé, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá Fádípẹ̀ l'Ékòó lórí ẹ̀rọ wọn: “Àlejò mi ń fún mi ní nọ́ńbà, n ò sì gbà á. Ẹ bá mi wo ẹni tó ni ín.” Àlejò ò tíì mu tíì rẹ̀ tán tí èsì fi dé, Màmá sì gbé fóònù sí i níwájú kó fẹnu ara rẹ̀ kà á: Fádípẹ̀ ló ni nọ́ńbà náà, òun ló sì rú òfin.