Ìrìn Tí Kò Fàyè Gba Ìkíni

Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún mẹ́tàdínlógójì wa ọkọ̀ àjàgbé. Á kó kòkó lọ sí etíkun, á kó sìmẹ́ǹtì bọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ta ọkọ̀ náà, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì jókòó. Ìjókòó kì í ṣe nǹkan tuntun sí i, nítorí orí ìjókòó náà ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ìjókòó yìí kò gbé e lọ síbì kankan mọ́.

Kò pẹ́, kò jìnnà, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìnídìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán láìmọ ohun tó jẹ. Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì fún un lóògùn. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé, "Bàbá, oògùn nìkan kò tó. Ẹ máa rìn. Yóò ṣe ara yín lóore, yóò sì ṣe ọkàn yín náà lóore."

Ọkùnrin náà ì bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà kó tó délé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, òun ló sì kàn láti di olórí ẹbí. Nínú ẹbí tiwọn, olórí gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Orí òkè náà ni ibojì ẹni tó tẹ agboolé wọn dó wà. Bí olórí bá débẹ̀, á dúró, á sì pe orúkọ àwọn baba wọn mẹ́rìnlá tẹ̀ léra wọn. Bí èémí rẹ̀ bá já láàárín, á padà síbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bá ẹni tí kò bá lè gun òkè náà jà. Wọ́n á kàn gbé ipò fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á ṣì máa gbé ẹran wá fún un nígbà ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni àbúrò rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, tí ikùn rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Àbúrò yìí wá kí i, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má da ara yín láàmú lórí ọ̀rọ̀ òkè yìí. Bó bá nira, mo lè bá yín gùn ún." Inú rere ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju èébú lọ.

Oṣù mẹ́fà ló kù kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọkùnrin náà ra bàtà kánfáàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ara rẹ̀ bí ó ti ń lo ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá ti pẹ́ lọ́nà. Láràárọ̀, á gbéra láti ilé, á kánjú rìn títí dé ẹsẹ̀ òkè, á sì tún sáré bọ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á tún fi kún un. Bí eékún bá dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kún ti ọjọ́ kẹrin kí ó lè dí àlàfo náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ara ènìyàn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà tó ń gbà sì gba iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá. Àwọn àgbà á ti jókòó tí wọ́n ń rún pákò, àwọn obìnrin á máa gbálẹ̀. Wọ́n á kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o!" Á gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní èémí tó máa fi dáhùn. Á kàn ju ọwọ́ sókè, á kọjá. Ní ìlú yẹn, adìyẹ ni wọ́n ń ju ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn kan ti ń sọ pé ipò ẹbí ti ń gùn ún kí ó tó gun òkè. Àwọn tó máa ń yà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kò yà mọ́.

Eékún rẹ̀ wú. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí iyọ̀. Ìbànújẹ́ tó ń sá fún tún padà dé, ó sì kó ẹrù dání. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyì kọ́ ọ létí ọ̀nà, ó jókòó sórí òkúta kan, ó sì sunkún. Ó pinnu níbẹ̀ pé òun á lọ sọ fún àbúrò òun pé kó máa gbé ipò náà lọ.

Ó délé, ó bá ìránṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó dàgbà jù lágboolé ló ń pè é. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni ìyá yìí, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ti wọ ilé náà kí wọ́n tó bí ọkùnrin yìí. Oko ata rẹ̀ wà ní ìdajì òkè, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ wò ó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè ló torí rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹjọ́ ló fẹ́ kí ó wá rò.

"Ọkọ mi," ni ìyá náà wí, "mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. O ju ọwọ́ sí mi. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, eékún rẹ̀ ró kéké. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo gbọ́ yín. Mi ò rí èémí dá yín lóhùn ni."

Ìyá náà wò ó títí. "Ta ló ń lé ọ?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé mi ò ní lè gun òkè yẹn."

"Òkè náà kò ní sá lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbọ́ bí o ṣe máa san ìtanràn rẹ. Bí wíwú eékún yẹn bá ti lọ sílẹ̀, o ó máa kí gbogbo ẹni tí o bá rí lọ́nà. Kì í ṣe ẹ káàárọ̀ lásán o. O ó bèèrè ilé, o ó bèèrè ọmọ, o ó bèèrè iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní dúró, ẹnu rẹ náà kò sì ní dúró. Bí èémí rẹ bá já kí o tó kí ẹnì kan tán, ìrìn rẹ ti yá jù, dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lè máa dá orin lọ láti ilé dé ẹsẹ̀ òkè, o ń tan ara rẹ jẹ nìyẹn. Yára díẹ̀ sí i."

Ó fẹ́ dìde, ìyá náà fọwọ́ dá a dúró. "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wá bá mi fa omi nínú kànga. Apá àti ẹ̀yìn náà fẹ́ iṣẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, jókòó sílé, má ṣe nǹkan kan."

Ọkùnrin náà gbà á gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, ó sì ń san án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kí àwọn ènìyàn, pákò bọ́ lẹ́nu bàbá kan. Ìrìn rẹ̀ falẹ̀ débi pé ojú tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń ju ìròyìn sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti òrùlé télọ̀ tó fò lọ, ti ọmọ tó yege ìdánwò. Á kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó yìí ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ti ń bèèrè irú ẹja tó wà nínú ọbẹ̀. Oorun rẹ̀ padà. Dókítà tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tíì dá oògùn dúró o. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ á ṣì jáde, àmọ́ kò ní lọ jìnnà, ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni á kí. Nígbà tó lè kí ènìyàn dé ẹsẹ̀ òkè láìmí gúlegúle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá náà lọ sí oko ata.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọjọ́ pé. Àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ti sáré dé orí òkè tipẹ́, oòrùn sì ti ń mú, àwọn kan ti ń kùn. Olórí ẹbí ń bọ̀ nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i pé òun fẹ́ fà á.

"O káàárọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, kò sì dúró. "Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n... wọ́n..." Àbúrò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò rí i sọ tán. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní orí òkè, ọkùnrin náà dúró, ó sì pe orúkọ àwọn baba wọn, láti orí Ọ̀kẹ́dìran tó tẹ agboolé dó títí dé orí ẹni tó bí òun. Kò dúró láàárín. Ìyá náà wà nínú oko ata rẹ̀ ní ìdajì òkè, kò lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ó ń fi ìka kà á bí ohùn náà ti ń bọ̀. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ó padà sídìí ata tó ń ro.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, mo rí bàtà tuntun tí o rà. Mo gbọ́ pé o sáré títí o fi bì lọ́jọ́ Sátidé, tí o sì wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ náà, tí o ń sọ pé eré ìdárayá kò bá ọ lára mu. N kò ní kí o má rìn. Rìn. Ṣùgbọ́n lọ́la, bí o bá jáde, kí ẹni àkọ́kọ́ tí o bá rí, kí o sì kí i tán. Bí o kò bá lè kí i tán, má ṣe fi kún ìrìn rẹ. Dẹ ẹsẹ̀, kí o sì dá mi lóhùn ohun tí ìyá yẹn béèrè: ta ló ń lé ọ?