Ìkarahun Ìyùnadé

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí Ìyùnadé sí. Ìyá rẹ̀ a máa sin àwọn ẹran ọ̀sà kan tí ń gbé inú ìkarahun aláwẹ́ méjì, nínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà kan. Nígbà tí Ìyùnadé ń lọ ilé ọkọ ní abúlé àgbẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà, ìyá bu díẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn fún un.

“Inú oòrùn ni kí o máa gbé wọn sí. Má sì sẹ́ omi wọn o. Inú rírú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá kú. Àwọn ìkarahun yìí nìkan ló kù tí Ìyùnadé ń wò bí ojú ìyá rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kórìíra ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìkòkò náà wọ yàrá.

“Ìyàwó mi, oòrùn á pa wọ́n. Omi wọn sì rú jù, màá máa fi aṣọ sẹ́ ẹ.”

Ọ̀rọ̀ kún Ìyùnadé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Yèyé.”

Láti ìgbà náà, omi inú ìkòkò mọ́ gaara. Bí Ìyùnadé bá fọwọ́ kan ìkarahun kan, tipátipá ló fi ń pa ẹnu dé. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Ẹfúnyẹmí láti sọ̀rọ̀. Ó kí i, ó sì padà.

Nígbà tó yá, òórùn gba yàrá. Gbogbo wọn ti yanu sílẹ̀, wọ́n ti kú.

Ẹfúnyẹmí figbe ta. “Kí ni mo fi ṣe wọ́n? Omi tó mọ́ tó báyìí!”

“Ebi ni, Yèyé. Omi rírú àti oòrùn ló ń bọ́ wọn.”

“O mọ̀, o sì ń wò mí níran?”

“Ẹ̀yin ni mò ń bọ̀wọ̀ fún.”

Ẹfúnyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé ọ̀wọ̀ náà nìyí, kí n máa fọwọ́ ara mi pa ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀?”

Ìyùnadé bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì jọ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì sin àwọn ìkarahun náà. Kò sí ìyàwó tó wọ agbo ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ tí Ẹfúnyẹmí kò sọ ìtàn yìí fún, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.