Awakọ̀ Tó Ní Òjò Ni Òjò Ń Jẹ́

Awakọ̀ kan wà tí òjò kò rí gbé ṣe. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ṣakí dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ọ̀rẹ̀, kò sì sí òjò tó dá a padà lọ́nà rí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò yà sí, òun á yí gíláàsì sókè, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe fọ́ńté. Ó mọ iṣẹ́ náà ni. Láoyè, mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ látòkè délẹ̀. Fetí sí ti awakọ̀ yìí ná, kì í sì í ṣe ìtàn òmùgọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí ìlú olótùútù kan ní Kánádà. Ọdún kọkànlá tí wọ́n ti ń retí ọmọ ni wọ́n débẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Ọlọ́run ti dá wọn lóhùn. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà fi máa dé, oyún ti di oṣù méje. Bí obìnrin náà bá wúkọ́ lásán, ọkọ rẹ̀ á ti dìde dúró. Kò sí ohun mìíràn tó ń tọrọ láyé mọ́ ju kí ọmọ yẹn délẹ̀ láyọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ìlú náà, ọmọ Ìsẹ́yìn, oníṣẹ́ taya, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú òtútù ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó pe awakọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi, mo wo taya ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Òjò dídì máa tó bẹ̀rẹ̀. Wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n fi taya òtútù sí i fún ọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára tèmi pé taya gbogbo ìgbà ni."

"Ìgbà mélòó lo mọ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Méjì náà ni, Bàbá. Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ló tún kù?"

"Níbí, mẹ́rin ni. Taya rẹ mọ mẹ́ta níbẹ̀. Inú ìkẹrin ni ìyàwó rẹ máa bí sí."

"Bàbá, kí lẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Òjò dídì. Ó dì ni o, kò dì ni o, òjò ni òjò ń jẹ́. Èmi àti òjò sì ti mọra tipẹ́."

Bàbá wò ó títí. "Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí," ó ní, ó sì fi òwe náà sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí a kì í parí òwe fún géńdé.

Nínú oṣù Bélú, díẹ̀ nínú òjò dídì náà bọ́ bí ìyẹ̀fun. Awakọ̀ wakọ̀ kọjá lórí rẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló tún kì í láyà.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ó jí, ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ti di. Òjò ilé wa a máa kéde ara rẹ̀. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ jà, àrá á sán, páànù á sì sọ fún ọ pé ó ti dé. Èyí rọ̀ mọ́jú, kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà lọ dúró lójú fèrèsé. Títì kò sí mọ́. Ọgbà kò sí mọ́. Ọkọ̀ àwọn aládùúgbò ti di òkìtì funfun, wọ́n tò lọ bí ebè iṣu. Ó sì ń rọ̀ síbẹ̀, ó ń rọra bọ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó ń kán an lójú. "Ọba tó dá èyí, Ọba ńlá ni," ó sọ fún ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wá sí i lọ́kàn pé bóyá òun kò mọ òjò yìí rí.

Ibi tó dúró sí ni ìyàwó rẹ̀ ti pè é. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó ti ń mú mi."

Orí òkè ni ilé wọn wà. Ilé ìwòsàn wà lórí òkè kejì, oríta sì wà láàárín méjèèjì nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó rọra tẹ búrékì. Ọkọ̀ kò dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, wọn kò yí mọ́, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, imú ọkọ̀ kò gbọ́. Gbogbo ọdún méjìlélógún yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ibi tí yóò lò ó sí. Wọ́n yọ̀ gba oríta kọjá lójú ọkọ̀ ńlá tó ń kó yìnyín, díẹ̀ báyìí ló kù, wọ́n sì wọ inú òkìtì lọ títí ọkọ̀ fi dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa.

Ìyàwó rẹ̀ di ikùn mú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í. "Ṣé òjò náà nìyí?"

Ó pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n máa retí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ọ̀nà ti dí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ wa yìnyín kúrò nídìí taya. Ọwọ́ rẹ̀ kan rọ́bà náà. Ó ti le gbagidi bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ó gbàgbé ìtìjú, ó pe Bàbá oníṣẹ́ taya.

Bàbá dé nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ti dógùn-ún. Kò sáré. Ó ń bọ̀ bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún. Wọ́n gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀, ó sì dorí kọ òkè kejì. Awakọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń wo ọkọ̀ àtijọ́ yẹn bó ṣe ń gun òkè lọ, tí kò yọ̀, tí kò ṣe wàhálà. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, obìnrin náà ti bí ọmọbìnrin, ìyá yè, ọmọ yè. Ọkùnrin náà jáde síta, ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Bàbá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ taya náà. Nínú òtútù tí omijé ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́, rọ́bà náà rọ̀ bí pọ̀nmọ́ tó sun inú omi mọ́jú. Ó tún un tẹ̀. Ẹnu yà á.

"Dúdú ni taya méjèèjì," Bàbá sọ látẹ̀yìn rẹ̀. "Nígbà tí oòrùn ń ràn, o kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tìrẹ kò burú, ọmọ mi. Ó kàn máa ń le bí òtútù bá dé ni, ohun tó bá sì ti le kò lè di ilẹ̀ mú. Kì í ṣe agbára ni tèmi fi gòkè. Ó rọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n bi ìyá ọmọ pé kí ni a ó máa pe ọmọ. Ó ní Béjídé, orúkọ ọmọ tó bá òjò wáyé. Bàbá ọmọ dorí kodò. "Kì í ṣe òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní òjò ni òjò ń jẹ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọmọ lórí. Títí di òní, bó bá ti pe ọmọ náà, ó ń rántí ìsàlẹ̀ òkè yẹn.

Láoyè, o ní ọkọ gbogbo ìgbà ni ọ́, pé o kò yí padà láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbà. Ìgbà mélòó lo mọ̀? O mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ ń rẹ́rìn-ín, o sì mọ ìgbà tó ń bínú. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, o ní kì í dáhùn mọ́, kì í jẹun, ó kọjú sí ògiri, o sì pe ìyẹn ní ìbínú. Ìbínú a máa ké, bí òjò ilé wa. Èyí ń rọ̀ láìké, ó sì ti bo gbogbo ilé yín mọ́lẹ̀. Ò ń pàṣẹ, ò ń jágbe, ò ń tẹ búrékì. Ṣé ó dúró? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko.

Máa lọ sílé. Má sáré. Kó o tó ṣílẹ̀kùn, fi àtàǹpàkò tẹ ọkàn rẹ wò. Bó bá ṣì le, má tíì wọlé.