Èje Tí Àwẹ̀ró Kò Kà

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Tísà."

"Ó dáa. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bi ẹlòmíì."

"Ìwọ ni mo bi. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́ ni."

Àwẹ̀ró ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ní kíláàsì kìíní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Ìdí-Ọsàn, láyé ìgbà tí àwọn ọmọ ṣì ń kọ̀wé sórí síléètì. Ọmọ ayò mẹ́wàá wà níwájú rẹ̀. Ó ti fi ìka ti mẹ́fà sí apá kan, ó wá ká ọwọ́ kò bí ẹni pé èyí tó kàn gbóná. Tísà Jọláadé mú ọmọ ayò keje náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èyí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ wọlé, ohùn rẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń kà. Ní báyìí, kì í ṣeré mọ́, oorun a sì máa gbé e lọ kí agogo ìsinmi tó lù. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, a ní kò sí nǹkan.

Ọ̀gá Ṣówándé, olórí ilé-ìwé, kò ní sùúrù fún àdììtú.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ránṣẹ́ sí ilé wọn," ó ní. "Ìyá àgbà kan ló ń dáhùn. Ó ní ká nà án, pé ọmọ tó bá ti wọ ilé-ìwé, tísà ló ni ín. Jọláadé, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó ń bá wa lọ. Ọmọ tí kò bá lè kà dé ẹ̀wá, ilé ni yóò jókòó sí títí di ọdún tó ń bọ̀."

"Sà, ọmọ yìí kì í ṣe olódo."

"Kí wá ni?"

"Èmi náà fẹ́ mọ̀."

"Tètè mọ̀ ọ́n, kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, Tísà gba ilé Àwẹ̀ró lọ kó tó gba ilé-ìwé. Ìyá àgbà, tó bí bàbá ọmọ náà, jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, agbọ̀n ẹ̀kọ wà níwájú rẹ̀.

"Tísà, kí ló ṣe? Ṣé ó lu ọmọ ẹlòmíì ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó mú nǹkan oníǹkan?"

"Rárá o."

"Kí lẹ wá wá ṣe? Àbí ilé-ìwé ti dé ìdí ààrò báyìí?"

"Mo kàn ní kí n yà kí yín ni. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìjókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀kọ, ó sì ń kà á bó ṣe ń nà án síta. Ení jẹ́ ti bàbá wọn. Èjì jẹ́ ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún lọ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló gba ìkẹfà.

"Ẹ̀fà," ni ìyá àgbà wí. "Ó tán. Ẹ jẹun."

Tísà kò mọ ìgbà tó la ẹnu. Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní kíkà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ kì í lè dúró síbi ẹ̀fà.

"Èje," ó ní.

Ọwọ́ bàbá wọn dúró nínú abọ́. Àwọn ọmọ wolẹ̀. Àwẹ̀ró dìde, ó sáré dé ọ̀dọ̀ Tísà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu Tísà. Bó ṣe sáré ni ẹ̀kọ kan já bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀, tí wọn kò tíì tú ewé rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, èyí tó ti kan.

"Ẹ ti kà á," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Tísà, ẹ ti kà á. Wọn ò ní wá mọ́."

"Ta ni ò ní wá mọ́?" ìyá àgbà bi í.

"Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ẹ ní ká fi èje sílẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ni ín ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà á tó bá dé."

"Ẹ̀kọ yìí ńkọ́?"

"Tiwọn ni. Tèmi ni mò ń bá wọn fi pa mọ́."

Tísà wá mọ ibi tí oorun kíláàsì ti ń wá.

Ìbídùn, ìyá àwọn ọmọ náà, ló máa ń pín ẹ̀kọ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun a máa mú tirẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà tirẹ̀ ni èje. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá. Àwọn àgbà sọ fún àwọn ọmọ pé ó lọ ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí kíkà bá ti dé èje, Àwẹ̀ró a bèèrè ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà sú ìyá àgbà, ó sọ èyí tó wá sí i lẹ́nu, ó sì ń dá kíkà dúró síbi ẹ̀fà. Ó rò pé òun ti pa ìbéèrè náà. Kò mọ̀ pé ọmọ ti gbé e lọ sí ilé-ìwé.

Ìyá àgbà fa Àwẹ̀ró mọ́ra.

"Ìyá rẹ ò lọ ìrìn-àjò. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ti ń gbádùn báyìí."

"Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ wò ó," ni bàbá rẹ̀ wí.

Àwẹ̀ró nu imú. "Èje tí Tísà kà ńkọ́?"

"Èje ilé-ìwé nìyẹn," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ti ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Tísà dìde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá."

"Èmi tí n ò mọ̀wé? Kí ni mo fẹ́ lọ wí?"

"Ohun tí ẹ mọ̀ tí àwa ò mọ̀."

Ìyá àgbà tún ìró rẹ̀ ró, ó sì tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé ṣí ìwé orúkọ.

"Àwẹ̀ró, kà."

Àwẹ̀ró kà á dé ẹ̀fà, ó dákẹ́. Ọ̀gá mú kálàmù.

"Sà," ni Tísà wí, "ẹ bi í pé kí ló wà lẹ́yìn èje."

"Kí ló wà lẹ́yìn èje?"

"Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Oókànlá. Eéjìlá..."

"Ó tó, ó tó." Ọ̀gá wo Tísà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà bẹ́ẹ̀ rí. "Kí ló dé tó fi fo èje?"

"Ọ̀la ló máa lọ gbà á lẹ́nu ẹni tó ni ín," ni ìyá àgbà wí, ó sì rò ó fún un, títí kan irọ́ ìrìn-àjò, títí kan ẹ̀kọ tó kan. Nígbà tó parí, Ọ̀gá kọ orúkọ Àwẹ̀ró sínú ìwé, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ.

"Ìyá, èje lásán ni mo rò pé mò ń bèèrè."

Ìyá àgbà ti dìde, ó ti fẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sọ kó tó jáde ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń pòwe títí dòní, nígbàkúùgbà tí ohun tí a rí bá kéré sí ohun tó wà nídìí rẹ̀:

"Ọ̀gá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."