Bí Iná Orí Ṣe Pàdánù Ohùn àti Ìyẹ́ Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun tó ń rákò ṣì ń wá ibi tí yóò máa gbé, iná orí ní ìyẹ́. Kì í ṣe iná tí a fi ń se ọbẹ̀ ni mo ń wí o. Iná kékeré tó ń jẹni lórí ni. Ó ní ìyẹ́, ó sì ní ohùn pẹ̀lú. Bó bá ń fò bọ̀, láti ẹ̀yìn ilé ni ẹ ó ti máa gbọ́ orin rẹ̀.

Nítorí pé ó ń kọrin, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ju aṣọ fìrì, Iná á sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Inú koríko òrùlé ló ń sùn, ìrì ló ń mu. Láyé ìgbà náà, ìyá kankan kì í tú irun ọmọ rẹ̀ wò. Kí ni wọn ìbá máa wá níbẹ̀?

Ní ọdún kan, ọyẹ́ mú ju bó ṣe máa ń mú lọ. Ètè àgbà là, ètè ọmọdé là. Koríko òrùlé gbẹ, ìrì ò sẹ̀ mọ́. Òtútù wọ Iná lára títí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Ó lọ bá Àdàbà. Ó ní, "Àdàbà, jọ̀ọ́, fi mí sábẹ́ apá rẹ títí ọyẹ́ yóò fi kọjá."

Àdàbà ní, "Mò ń sàba lé ẹyin. Orin rẹ kò ní jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Máa lọ."

Ó lọ bá Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gbọn etí méjèèjì. Ó ní, "Oorun tí mò ń sùn kò tó mi. Ti orin kò tún gbọdọ̀ kún un."

Báyìí ni Iná ṣe ń fò kiri títí ó fi dé abúlé Ìdí-Orógbó, ní ilé Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ni obìnrin tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ní abúlé náà. Eérú àti àdín ni iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ẹ kò ní rí àbàwọ́n lára aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ilé kan, wọ́n á ní ó mọ́ bí ilé ọlọ́ṣẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Mọ́nilọ́lá, ọmọbìnrin kékeré tí irun rẹ̀ kún dúdú. Ó pẹ́ kó tó rí ọmọ náà bí, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin lójú.

Lọ́jọ́ náà, Mọ́nilọ́lá nìkan ló jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń yá oòrùn. Iná bà lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Irun rẹ pọ̀ bí igbó," Iná sọ. "Á móoru nínú ibẹ̀. Jẹ́ kí n wọ ibẹ̀. Òtútù fẹ́ pa mí."

Àánú rẹ̀ ṣe Mọ́nilọ́lá. Ó ní, "Wọlé. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fẹ́ ariwo. Bí wọ́n bá gbọ́ orin rẹ, wọ́n á lé ọ. Bí o bá máa gbé ibí, o ò gbọdọ̀ kọrin."

Iná ronú díẹ̀. Orin ni ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù ń pa kì í yan aṣọ.

"Mo gbà," ó ní. "Ìwọ náà, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wà níbí. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, èmi náà á lọ."

Mọ́nilọ́lá ṣèlérí. Iná gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì rá wọ inú irun ọmọ náà.

Ọyẹ́ lọ, Iná ò lọ. Ibẹ̀ móoru. Kò sí ìrì láti mu níbẹ̀, ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yé ẹyin, ẹyin náà sì pa.

Mọ́nilọ́lá ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Àtóké, ọmọ ilé kejì. Lọ́sàn-án, orí ẹní kan ni àwọn méjèèjì máa ń sùn sí. Wọ́n á forí kan orí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Ibi tí wọ́n ti forí kanrí yẹn ni àwọn ọmọ Iná ti rìn kọjá sí irun Àtóké.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Àtóké wá sí ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ó ju Àwẹ̀ró lọ lọ́jọ́ orí, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń yà sílé onílé láìnídìí. Ó dúró, kò jókòó.

"Ìyá Mọ́nilọ́lá, ọ̀rọ̀ kan wúwo lẹ́nu mi. Mo rí iná nínú irun Àtóké. Mi ò mọ ìgbà tó wọ ibẹ̀, nítorí a ò gbọ́ orin rẹ̀. Àwọn ọmọ wa jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá sọ fún, kí o lè wo orí tìrẹ náà."

Orógùn dúró lọ́wọ́ Àwẹ̀ró nínú ìkòkò ọṣẹ.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ilé ọlọ́ṣẹ nìyí. Iná kì í wọ ibi tó bá mọ́."

Kò pariwo sọ ọ́. Àmọ́ ìyá Àtóké gbọ́ ọ, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó wolẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó yà lọ. Mọ́nilọ́lá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọkàn Àwẹ̀ró ò balẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó dẹ etí sí orí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá omi ti ń hó. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé nǹkan kan ń ṣe ọ́ lórí?"

Mọ́nilọ́lá rántí ìlérí tó ṣe fún Iná. Ó tún rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa ibi tó bá mọ́. "Rárá, ìyá mi."

"Ó dáa. Má lọ sọ́dọ̀ Àtóké mọ́."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn lábúlé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá mìíràn fi ń fa ọwọ́ ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá rí Àtóké. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré, ìdí igi ló máa ń dúró sí, á máa fi ẹsẹ̀ kọ ilẹ̀. Mọ́nilọ́lá ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó mọ ibi tí Iná ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni kan tún wà tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Òun ni Awọ Orí.

Awọ Orí ní, "Iná, ìwọ nìkan ni ọmọ yìí gbà lálejò. Àwọn wo ni gbogbo èyí?"

Iná sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Kí ló kàn ọ́? Ọmọ náà ò ní sọ. Èmi náà ti gbé ohùn mi mì. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Èmi ni," Awọ Orí dáhùn. "Mi ò lẹ́nu, mi ò sì yára. Ó lè pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọwọ́."

Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń kó agbára jọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún.

Mọ́nilọ́lá ń bá ìyá rẹ̀ fi ewé di ọṣẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìpàkọ́. Ó họ ọ́. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ tún lọ sí ẹ̀yìn etí. Àwẹ̀ró rí i.

Kí ni àwọn ará abúlé yóò wí? Ta ni yóò ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí iná wà lórí ọmọ rẹ̀? Ó dìde, ó wọlé, ó sì mú abẹ jáde. Ó fẹ́ fá gbogbo irun náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti oko dé, kó sì sun ún.

Mọ́nilọ́lá rí abẹ náà. Kò ké. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú."

Àwẹ̀ró wo ọmọ náà níbi tó ká jọ sí. Ó wá yé e pé òun ni ọmọ ń bẹ̀rù, pé ìbẹ̀rù náà sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí òun tó mú abẹ jáde. Ó dá abẹ padà sí ibi tó ti mú un. Ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Wá," ó ní. "Gbé orí rẹ lé mi lẹ́sẹ̀."

Ó fi ìka ya irun náà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn etí, ó rí àwọn nǹkan funfun wínníwínní. Ó rò pé eérú ọṣẹ ni, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Eérú máa ń fò lọ. Èyí ò mira. Ó fi èékánná fà á, ó lẹ̀ mọ́ irun típẹ́típẹ́. Ẹyin iná ni. Bó ṣe sún mọ́ ìpàkọ́, ó rí Iná fúnra rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń sá fún ìmọ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. "Ta ló kọ́ Iná láti dákẹ́?"

"Èmi ni," Mọ́nilọ́lá wí. "Òtútù ń mú un, ó bẹ̀ mí. Mo ní kó dákẹ́ kí ẹ má baà lé e."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nígbà tí mo bi ọ́?"

"Ẹ ní iná kì í wọ ibi tó bá mọ́. Mo rò pé bí ẹ bá mọ̀, ẹ máa sọ pé èmi ò mọ́."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ pa ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "O mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kò mọ́ lọ́jọ́ náà."

Ó bu àdín, ó fi pa irun náà láti ìdí dé orí. Ó mú òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, ó ń nu òòyà sára àkísà funfun. Iná fẹ́ fò. Ó na ìyẹ́ rẹ̀, àdín lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Òòyà dé, ìyẹ́ náà já. Ó fẹ́ ké kí wọ́n ṣàánú òun, ó la ẹnu títí, ohùn tó ti gbé mì tipẹ́ kò padà wá. Àwọn tó bọ́ sórí àkísà kò rí ẹ̀jẹ̀ mu, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mu ìrì mọ́. Wọ́n kú síbẹ̀. Díẹ̀ ló sá pamọ́ sí ìpàkọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Àwẹ̀ró mọ̀ pé ẹyin tó kù yóò pa. Kò retí pé iṣẹ́ náà yóò parí lọ́jọ́ kan.

Ohun tó kù láti ṣe ni kò fẹ́ ṣe. Síbẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó gbé igbá àdín, ó sì gba àárín abúlé lọ sí ilé ìyá Àtóké lójú gbogbo ènìyàn.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Ọmọ tèmi náà ní i. Ó jọ pé láti orí rẹ̀ ló ti dé orí Àtóké. Ẹ wá sọ fún mi bí ọmọ ìyá, mo sì fi ọ̀rọ̀ gún yín. Ẹ jọ̀wọ́."

Ìyá Àtóké wo Mọ́nilọ́lá, ó wo igbá, ó wá sún sápá kan lórí ẹní.

"Jókòó," ó ní. "Èmi ò ní òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra tó báyẹn."

Wọ́n jókòó, oníkálùkù gbé orí ọmọ lé ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan yà wá, ó ní òun wá fọnná, ṣùgbọ́n kò gbé àpáàdì dání, ojú òòyà ló sì ń wò. Òmíràn mú ọmọ rẹ̀ wá láìpurọ́ rárá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà náà ti kún. Títí ẹyin ìkẹyìn fi tán nínú irun gbogbo wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń pàdé sí.

Láti ọjọ́ náà ni iná orí kò ti ní ìyẹ́ mọ́, tí kò sì lè fò. Kò dé orí ẹnikẹ́ni àfi bí orí bá kan orí tó sì rìn kọjá. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lóhùn, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, tó sì wọ ilé tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Láti ọjọ́ náà ni awọ orí ti ń yún láti fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n awọ orí kì í yára. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bá gbọ́ pé iná wà lórí ọmọ tí ọmọ tirẹ̀ ń bá ṣeré kì í dúró de yíyún. Kì í jágbe mọ́ ọmọ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún aládùúgbò. Á tẹ́ ẹní sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á na ẹsẹ̀, á ní, "Wá, gbé orí rẹ wá kí n wò ó."