Àwọ̀n Orí Igi Irú

Ọkùnrin kan wà lápá Òkè-Ògùn tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, á dìde lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jẹun tán. Ohun tó ń lé e kiri ni igi irú kan tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀. Irú ni ìyá yìí ń sè tà láti ìgbà wúńdíá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́. Igi kan ṣoṣo yìí ló kù fún un. Bí kò bá so, ìkòkò ìyá kò ní í gorí iná lọ́dún náà, yóò kàn máa fi ọwọ́ lẹ́rán ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi náà yọ òdòdó. Wọ́n pupa, wọ́n rí roboto, wọ́n rọ̀ dirodiro lórí ẹ̀ka. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, àwọn àdán á dé. Wọ́n á máa ké, wọ́n á ti ẹnu bọ inú òdòdó, wọ́n á máa lá oyin inú rẹ̀. Láàárọ̀, ọkùnrin náà á bá òdòdó nílẹ̀, inú á bí i. Ó ní èso ìyá òun ni wọ́n ń jẹ run kó tó di èso.

Ìyá ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ó lọ tọrọ àwọ̀n gbígbó lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó gun igi, ó sì ń bo ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀ka kan péré ló ṣẹ́ kù, èyí tó kọjú sí ọ̀nà odò, nítorí àwọ̀n tán. Ẹ̀ka yẹn kò jẹ́ kó sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àdán kan há sínú àwọ̀n. Ó tú u sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ìkà èèyàn. Lẹ́búlẹ́bú kan tó ní àwọ̀ ìyeyè wà láyà àdán náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbójú sókè.

Òdòdó abẹ́ àwọ̀n pé pérépéré. Ó ń fi wọ́n han àwọn ará àdúgbò. Ìgbà tó yá, wọ́n gbẹ, wọ́n sì já sínú àwọ̀n láìso. Ẹ̀ka ọ̀nà odò nìkan ló so, ó so débi pé ó tẹ̀.

Ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Ó wo igi náà títí.

“Ọmọ mi, ẹ̀ka wo ni àwọ̀n rẹ kò dé?”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀ka ọ̀nà odò. Ó wo ìka rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó nù dànù ni àwọn àdán ń gbé láti inú òdòdó kan bọ́ sí òmíràn, òun ló ń mú wọn so. Oyin tí wọ́n ń lá ni oúnjẹ iṣẹ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló lé àwọn òṣìṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Ìyá kò bá a wí. Ìkòkò kékeré ló gbé kaná lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Àwọn àbúrò ìyàwó rẹ máa ń wá ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á pariwo, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. O ní wọ́n ń jẹ ilé rẹ run, o wá ti géètì mọ́ wọn. Nísinsìnyí o ń bi mí pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ kì í rẹ́rìn-ín mọ́, tó ń rìn nínú ilé bí àlejò. Ohun tí wọ́n ń fi ẹnu mú ni o rí. O kò wo ohun tí wọ́n ń gbé wá láyà rí.

Ọ̀la ni Sátidé. Dìde, lọ ṣí géètì rẹ.