Ọ̀dà Búlúù Ráímì

Ráímì mẹkáníìkì àti Sànjọ́ rẹ́wáyà jọ ń lo àtíbàbà kan ní ìlú Òkè-Ọ̀pẹ. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ni ti Ráímì, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni ti Sànjọ́. Ráímì ní àṣà kan. Bí ó bá yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ kúrò, kò ní gbé òmíràn wọlé àfi tó bá kọ́kọ́ fọ ibi tí yóò jókòó sí, tó sì kùn ún ní ọ̀dà búlúù títí yóò fi máa dán. A máa ní, "A kì í mú ìyàwó wọ ilé ẹlẹ́gbin." Àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rẹ́ láti fi yangàn.

Nọ́ọ̀sì Fadérera, agbẹ̀bí ìlú náà, ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń wà fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé aboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le gun òkè lọ sí ọsibítù ńlá. Nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, Ráímì fi tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Okùn irin ni ẹsẹ̀ fi ń fa tọ́tù, ẹnu tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ti tuntun kò rí bẹ́ẹ̀: iná ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò sì ṣí tọ́tù. Sànjọ́ ló tún gbogbo wáyà rẹ̀ tò.

Ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, nọ́ọ̀sì gbé aboyún dé àárín òkè, ọkọ̀ kò sì lágbára mọ́. Bó ti wù kó tẹ tọ́tù tó, ń ṣe ló ń rá bí ìgbín títí tó fi dúró. Ẹ̀bá ọ̀nà ni obìnrin náà bímọ sí, lábẹ́ agboòrùn. Ọlọ́run ló yọ tìyá tọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wa ọkọ̀ wá sábẹ́ àtíbàbà.

"Bí ọkọ̀ yìí kò bá gun òkè lónìí, màá gbé e tì. N kò ní fi aboyún mìíràn dán an wò."

"Màmá, rẹ́wáyà ni kẹ́ ẹ bi," ni Ráímì wí. "Ẹ́ńjìnì tèmi ò lárùn."

Sànjọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnì tó re òkun tó tún bọ̀, ìwọ lo mọ àrùn tó kó lọ́nà?"

"Wáyà rẹ tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

Wọ́n pààrọ̀ tọ́tù. Wọ́n pààrọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí ní ìdúró, ẹ́ńjìnì náà ti ń ké bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Òjò ń rọ̀ lánàá," ni nọ́ọ̀sì sọ. "Mo tan iná, wáípà náà sì ń ṣiṣẹ́."

Sànjọ́ tan iná ọkọ̀, ó sì tan wáípà. Ráímì tẹ tọ́tù. Ohùn ẹ́ńjìnì rọlẹ̀.

Sànjọ́ tẹ̀ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa wáyà kan láti ẹnu bátìrì tí iná ń gbà padà sí, ó fi kan ibi tí ó ti fi bóòtù de etí àwọn wáyà kọ̀ǹpútà mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì náà bú ramúramù. Ó tú bóòtù náà. Ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán.

"Ráímì, wá wo ilé ìyàwó rẹ. O kun ojú ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibí ni iná ń gbà padà sílé, irin gbọ́dọ̀ kan irin. Bí iná bá kéré, yóò yọ́ kọjá lára bóòtù. Bí ti iná iwájú àti ti wáípà bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà á há mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń wí yékéyéké mọ́. Ó wá dín tọ́tù kù kí ọkọ̀ má baà ṣàdédé sáré."

"Ta ló wá dè é lé orí ọ̀dà?"

Sànjọ́ wolẹ̀. "Èmi ni. Mo rí bó ṣe dán, ojú sì ń tì mí láti ha iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi."

Ráímì kò bínú. Ó mú ayùn pẹlẹbẹ, ó ha ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ títí irin fi yọ funfun, ó sì dè é padà. Nọ́ọ̀sì tan gbogbo iná tó wà lára ọkọ̀, ó kó àwọn méjèèjì sẹ́yìn, ó gun òkè náà dé góńgó láìdúró. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì darí sílé, torí aboyún ń dúró.

Ráímì ṣì ń kun ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ojú ibì kan sílẹ̀ láìkùn. Bí oníbàárà bá ní iṣẹ́ kò tíì parí, èsì kan náà ló ń fọ̀: "Ibẹ̀ ni irin ti ń bá irin sọ̀rọ̀." Nígbà tó yá, èsì náà kúrò lẹ́nu mẹkáníìkì, ó di ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sòótọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Òkè-Ọ̀pẹ ti ń fi í kìlọ̀ pé: a kì í fi ọ̀dà kun ibi tí irin ti ń bá irin sọ̀rọ̀.